Ṣé ẹyẹ gidi ni agbe?

ÌBÉÈRÈ: Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. A lọ síbi ìsọmọlórúkọ, bàbá àgbà kan ń súre pé agbe ló laró, kì í ráhùn aró; àlùkò ló losùn, kì í ráhùn osùn. Bí a ṣe délé ni Àbẹ̀kẹ́, ọmọ ọdún 8, bi mí pé ṣé ẹnikẹ́ni ti rí agbe rí, àbí inú àlọ́ ló wà. Mi ò rí èsì fún un.
Ìyá Àbẹ̀kẹ́, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Ìyá Àbẹ̀kẹ́, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹyẹ gidi ni. Ojú mi méjèèjì yìí ni mo fi rí i lóko bàbá mi, lẹ́yìn Ìdànrè, nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún 11. Igi ọ̀pọ̀tọ́ kan wà létí odò. Ohùn wọn ni mo kọ́kọ́ gbọ́, kọ̀-kọ̀-kọ̀-kọ̀, bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn. Bàbá fi ìka lé ètè, wọ́n ní kí n wòkè. Ẹyẹ mẹ́ta ń sáré lórí ẹ̀ka bí ọ̀kẹ́rẹ́! Ìyẹ́ dúdú dúró ṣánṣán lórí wọn, ẹnu wọn pọ́n ní ṣóńṣó. Ara wọn wá dà bí àdìrẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú ìkòkò, tí kò tíì gbẹ.

Láàárín àwọn ẹbí rẹ̀, agbe ló tóbi jù. Ó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 70 sí 75, ó sì tẹ̀wọ̀n tó nǹkan bíi kílò kan. Èso, ewé àti òdòdó ló ń jẹ. Kò fi bẹ́ẹ̀ mọ fífò: á gun igi dókè, á wá na apá, á rọra balẹ̀ sórí igi mìíràn. Ẹyin 2 ló sábà máa ń yé, takọtabo ló sì jọ ń sàba.

Ohun tó ń yà mí lẹ́nu títí dòní ni pé kò sí aró kankan lára agbe. Bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń ta lára ìyẹ́ rẹ̀ ló jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ lójú wa. Àlùkò ni osùn tiẹ̀ jẹ́ osùn lóòótọ́: bàbà wà nínú pupa ìyẹ́ apá rẹ̀. Church, onímọ̀ kẹ́míkà ará Ìlú Ọba, ló fi èyí hàn ní 1869. Ẹ ri ìyẹ́ náà bọ omi eérú, irú èyí tí àwọn aláró ń sẹ́, omi á pọ́n.

Láti Guinea títí dé Kenya ni agbe wà, wọ́n sì pọ̀ ní Entebbe ní Uganda. Ṣùgbọ́n igi ńlá ló ń fẹ́. Wọ́n ti gé ọ̀pọ̀tọ́ etí odò wa, ó sì dùn mí wọra.

Ìyẹ́ kan tó já bọ́ lọ́jọ́ yẹn ṣì wà nínú Bíbélì mi. Ẹ mú Àbẹ̀kẹ́ wá sí ọ́fíìsì wa, kó fọwọ́ ara rẹ̀ kàn án.