Epo pupa kọ́ ni oògùn éèfín jẹnẹrétọ̀

Ẹ kú ìtọ́jú aláìsàn o, màmá wa ní Èbúté. Ẹ ní ó di ìjẹta tí éèfín jẹnẹrétọ̀ gbé ọmọ yín dákú, pé wọ́n fi ṣíbí la ẹnu rẹ̀, wọ́n da epo pupa sí i kó tó ta jí. Ní báyìí ó ń wúkọ́, ara rẹ̀ ń gbóná, àwọn ará ilé ní éèfín ló ṣẹ́kù sí i láyà, kẹ́ ẹ tún fún un lépo. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò!

Éèfín yẹn ò sí lára rẹ̀ mọ́. Carbon monoxide, ìyẹn gáàsì olóró inú rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ló ń lẹ̀ mọ́, ju ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200. Síbẹ̀, bí èèyàn bá ti bọ́ síta, láàárín wákàtí 4 sí 5 ìdajì rẹ̀ á ti jáde. Ọ́síjìn ọsibítù tún ń yá a ju bẹ́ẹ̀ lọ. Epo tó wà níkùn, ibo ló ti fẹ́ bá ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ pàdé?

Irú ẹ̀ ló ṣe àbúrò mi ní Sábó níbí. Ẹni tó dákú ò lè gbé nǹkan mì, kò lè wúkọ́, torí náà ẹ̀dọ̀fóró ni epo tí wọ́n dà sí i lẹ́nu wọ̀. Èébì rẹ̀ gan-an lè ṣe bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi yẹ ká fẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀ ká tó sáré wá mọ́tò. Ní ọsibítù àkọ́kọ́, wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń wọn ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ há a níka, ó gbé 98 nínú ọgọ́rùn-ún jáde, wọ́n ní kó máa lọ sílé. Ẹ̀rọ yẹn kì í mọ ìyàtọ̀ ẹ̀jẹ̀ tó gbé ọ́síjìn sí èyí tó gbé carbon monoxide! Nígbà tó yá, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ń rùn. Ṣọ́ọ̀bù oògùn ta oògùn ibà fún wa (kí ni kì í ṣe ibà lọ́dọ̀ wọn?). X-ray ló tú àṣírí: òtútù àyà, nísàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró ọ̀tún. Dókítà ní ọ̀nà afẹ́fẹ́ tọ̀tún ló fẹ̀ jù tó sì tọ́ jù, ibẹ̀ ni nǹkan sábà máa ń bọ́ sí. Abẹ́rẹ́ ló wò ó, àmọ́ epo kì í tètè kúrò níbẹ̀, ikọ́ náà pẹ́.

Ẹ gbé ọmọ yín lọ sí ọsibítù lónìí. Ẹ má tìtorí ìtìjú fi epo pamọ́ fún dókítà. Ẹ sọ éèfín, ẹ sọ epo. Bó bá di ọ̀sẹ̀ mélòó kan tó ń gbàgbé nǹkan tàbí tí ìṣe rẹ̀ yí padà, ẹ padà lọ, torí éèfín yẹn lè bá ọpọlọ jà lẹ́yìn tí ara ti yá. Ṣé ó ń mí hẹlẹhẹlẹ báyìí? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ má dúró kílẹ̀ ó mọ́.