Wárápá ti lọ, kí ló dé tí inú ọmọ mi ò dùn?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, nọ́ọ̀sì wa. London la wà. Láti ọmọ ọdún mẹ́fà ni wárápá ti ń gbé ọmọbìnrin mi ṣánlẹ̀. Oògùn oríṣiríṣi ò ká a, ni wọ́n bá ṣe iṣẹ́ abẹ ọpọlọ fún un ní oṣù márùn-ún sẹ́yìn, lẹ́yìn tó pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Látìgbà náà, kò gbé e mọ́. A ti jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àmọ́ ṣe ló ń ti ara rẹ̀ mọ́ yàrá, ó ń sunkún, ó ń jágbe mọ́ àbúrò rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ní aláìmoore ni. Ṣé iṣẹ́ abẹ yẹn ló bà á jẹ́ ni?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ìyá wa. Ọ̀rọ̀ "aláìmoore" yẹn dùn mí. Ẹ bá mi bẹ bàbá, kí wọ́n má sọ ọ́ létí ọmọ mọ́. Ohun tí ẹ ń rí yìí máa ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ wárápá, pàápàá láàárín ọdún kìíní, kódà sí ẹni tí wárápá rẹ̀ lọ pátápátá. Ó ní ìtọ́jú.

Ẹ rántí bí ọmọ yìí ṣe gbé ayé fún ọdún mẹ́sàn-án. Kò lè wẹ̀ kí ẹnì kan má dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Tí kò bá ṣe dáadáa níléèwé, a mọ ohun tó fà á. Lójijì, gbogbo èèyàn ní ara rẹ̀ ti yá, kó máa ṣe bí ẹgbẹ́ rẹ̀. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń dá wọ bọ́ọ̀sì, tí wọ́n ń yan ọ̀rẹ́, orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù lòun wà. Ní 2001, Sarah Wilson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Melbourne kọ̀wé lórí èyí gan-an: pé ara yíyá lè di ẹrù wúwo fún ẹni tó ti bá àìsàn dàgbà.

Ẹ̀rù tún wà. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n ṣe fún àwọn ọmọdé ní New Delhi, tó jáde ní 2017, 44 nínú àwọn 57 tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ni wárápá ò mú fún odindi ọdún kan. Èsì tó dára gan-an ni, nítorí 4 péré ló rí bẹ́ẹ̀ nínú àwọn tó ń lo oògùn nìkan. Àmọ́ ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lè ṣírò àwọn tó kù. Ó dára kí a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n ti gbé síwájú ìjọ pé ó ti bọ́, ta ni yóò wá sọ fún pé ẹ̀rù ń ba òun, tàbí pé ojú ń ti òun nítorí àpá ẹ̀gbẹ́ etí àti irun tí wọ́n fá, tí kò tíì gùn tó dídì? Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rí náà sinmi ná.

Ọpọlọ fúnra rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Tó bá jẹ́ apá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí ni wọ́n gé, àdúgbò ìmọ̀lára àti ìrántí nìyẹn, inú rẹ̀ sì lè máa yí padà fún oṣù díẹ̀. Tó bá jẹ́ apá òsì, ó lè máa wá ọ̀rọ̀ tì. Ẹ sọ fún iléèwé, kí wọ́n lè bá a béèrè àfikún àkókò nínú ìdánwò GCSE.

Ẹ wo oògùn tó ń lò. Levetiracetam, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní Keppra, lè sọ èèyàn di oníbìínú, ó sì lè fa ìbànújẹ́. Carbamazepine àti lamotrigine ní tiwọn máa ń gbé ọkàn ró, nítorí náà tí wọ́n bá dín wọn kù, ọkàn lè wálẹ̀. Ẹ má ṣe dá oògùn kankan dúró fúnra yín o, wárápá lè fi agbára padà. Ẹ má sì mú un lọ sí ìṣọ́ òru, torí àìsùn máa ń jí wárápá.

Lónìí, kì í ṣe lọ́la, ẹ bi í ní ìdákẹ́jẹ́, bóyá níbi tí ẹ ti jọ ń fọ abọ́: "Ṣé ó ń wá sí ọ lọ́kàn pé kí o kú, tàbí kí o pa ara rẹ lára?" Ìbéèrè yìí kì í fi èrò náà sí ọmọ lọ́kàn. Ohunkóhun tó bá sọ, ẹ má jágbe, ẹ má tíì wàásù. Ẹ ti gbogbo oògùn inú ilé mọ́ inú àpótí, kí ẹ máa fún un ní ti àkókò kan lẹ́ẹ̀kan. Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan: ẹ pe 111, nọ́ńbà ìlera ìjọba níbi tí ẹ wà, kí ẹ yan 2. Tí ewu bá ti dé tán, 999, nọ́ńbà pàjáwìrì, ni kí ẹ pè.

Tí kò bá sí ewu bẹ́ẹ̀, ẹ pe nọ́ọ̀sì wárápá tí nọ́ńbà rẹ̀ wà lórí lẹ́tà ọsibítù yín láàárín ọ̀sẹ̀ yìí, kí ẹ sì ní kí GP, dókítà àdúgbò yín, fi ọmọ ránṣẹ́ sí CAMHS, àwọn tó ń tọ́jú ọkàn àwọn ọ̀dọ́. Wọ́n lè máa bá a sọ̀rọ̀ déédéé. Tí wọ́n bá ní kó lo oògùn ìbànújẹ́, bíi fluoxetine, kí ẹ̀rù má bà yín. Àwọn tó ní wárápá náà ń lò ó, níwọ̀n ìgbà tí dókítà bá mọ àwọn oògùn tó kù, títí kan àgbo. Kí ẹ tó pè, ẹ kọ orúkọ oògùn rẹ̀ sílẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n yí i padà gbẹ̀yìn, àti ìgbà tí ẹ kọ́kọ́ rí i pé ìwà rẹ̀ yí padà.