Ẹ Bi Àǹtí Alájá: Ta ló máa gba Lhasa mi?

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ Lhasa nìkan ló kún inú ẹ̀, bó sì ṣe máa ń rí nìyẹn tí físà bá ti ń jáde, àwọn ajá kékeré onírun yẹn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde sí títì. Mo mú márùn-ún nínú ẹ̀. Lhasa mẹ́ta ló wà nílé mi bí mo ṣe ń tẹ èyí, ọ̀kan ń hanrun lórí ẹsẹ̀ mi, tẹ́ ẹ bá rí àṣìṣe, òun ni kẹ́ ẹ dá lẹ́bi.

*Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àtọkọ mi àtàwọn ọmọ wa méjì ń lọ sí ìlú ọba, físà ti jáde, oṣù méjì ló kù. A ní Lhasa kan, Bísíkíìtì lorúkọ ẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́fà ni, àwọn ọmọ ò tiẹ̀ fẹ́ gbọ́ pé a ò ní mú un dání. Àbúrò ọkọ mi ní ká fi í sílẹ̀ fún mègáádì, ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa náà ní òun máa gbà á. Kí ni ká ṣe? — Ìyá Tòmíwá, Bódìjà, Ìbàdàn*

Ìyá Tòmíwá, ẹ kú oríire, Ọlọ́run á mú yín gúnlẹ̀ láyọ̀. Ṣùgbọ́n oṣù méjì yẹn ò lè tó o, ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ kí ẹnì kan má lọ gba owó lọ́wọ́ yín pé òun máa bá yín yí i. Nàìjíríà ò sí lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ajá wọn lè tètè wọ Britain, torí náà máíkíróṣíìpù lẹ máa kọ́kọ́ fi sí i lára, lẹ́yìn ìyẹn abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, ó kéré tán ọjọ́ 30 lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ni wọ́n tó lè gba ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò, tí èsì bá dáa, oṣù 3 gbáko lẹ tún máa kà láti ọjọ́ tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ yẹn kó tó lè wọlé. Ẹ ṣírò ẹ̀ wò, oṣù mẹ́rin ti lọ. Oògùn aràn tún wà ńbẹ̀ tí dókítà ẹranko gbọ́dọ̀ fún un láàárín wákàtí 24 sí 120 kó tó débẹ̀, kágò ló sì máa bá wọlé, kò lè jókòó sórí itan yín nínú báàlú. Owó gidi ni. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lọ Amẹ́ríkà, òfin tiyín yàtọ̀: láti August 1, 2024, ajá tí ò bá tíì pé oṣù 6 ò lè wọlé, máíkíróṣíìpù sì pọn dandan, torí náà ẹ má lọ ra ọmọ ajá lóṣù tẹ́ ẹ fẹ́ rìn.) Tẹ́ ẹ bá rí ẹni tó lè bá yín mójú tó o fún oṣù márùn-ún mẹ́fà kó tó wá bá yín, ó ṣeé ṣe, mo mọ ìdílé tó ṣe é. Tẹ́ ẹ ò bá rí, òní lẹ máa bẹ̀rẹ̀ sí í wá ilé fún un, ẹ má jẹ́ kó di ọ̀sẹ̀ tẹ́ ẹ̀ ń di ẹrù.

Ọ̀rọ̀ mègáádì yẹn, ẹ gbàgbé ẹ̀. Èèyàn tó ń wá ohun tó máa jẹ lẹ fẹ́ gbé ajá tó ń sùn lórí àga fún, ta ló máa ra oògùn eégbọn? Tí ẹni tó máa háyà ilé yín lẹ́yìn yín bá sì dé, àtòun àtajá ló máa lé.

Ti ará ṣọ́ọ̀ṣì yẹn lè dáa, àmọ́ ẹ bi í ní nǹkan kan tèmi ò lè fi ṣeré: ajá tẹ́ ẹ ní ṣáájú, níbo ló wà? Tó bá ní ó darúgbó ó kú, tó tiẹ̀ ń rántí orúkọ ẹ̀ àti ìwà ẹ̀, ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu ẹ̀. Tó bá ní ó sọnù, tẹ́ ẹ wá gbọ́ pé èyí tó tẹ̀ lé e náà sọnù, ẹ rọra máa bọ̀ nílé. Ẹ sì dé ilé ẹ̀ o. Ó ti ṣe mí rí. Mo gbé abo kan fún ọkùnrin kan tẹ́nu ẹ̀ dùn, tó ń dúpẹ́ bí ẹni pé mo fún un lọ́mọ, mi ò délé ẹ̀, mo kàn ń wo fọ́tò tó ń fi ránṣẹ́. Oṣù kẹjọ lẹ́yìn náà ni ẹnì kan ta mí lólobó, ìgbà tí mo débẹ̀, inú kéèjì lẹ́yìnkùlé ló wà, ọmú ẹ̀ ń wọ́lẹ̀, ó ti bí ọmọ márùn-ún tí wọ́n ti tà tán, kò tiẹ̀ dìde nígbà tí mo pè é. Owó ara mi ni mo fi rà á padà, ajá tí mo fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Látìgbà yẹn, ẹ̀yìnkùlé ni mo máa ń kọ́kọ́ wò kí n tó jókòó ní pálọ̀.

Tẹ́ ẹ bá wá fẹ́ fà á lé èèyàn lọ́wọ́, ẹ fún un ní káàdì abẹ́rẹ́ ẹ̀, ẹ fún un ní táwẹ̀lì tó máa ń sùn lé, ẹ má fọ̀ ọ́, òórùn yín tó wà lára ẹ̀ ni ajá fẹ́. Ẹ sì kọ ọ̀rọ̀ tó ń gbọ́ sílẹ̀. Tó bá jẹ́ "sọ̀ kalẹ̀" lẹ fi ń lé e lórí bẹ́ẹ̀dì, "sọ̀ kalẹ̀" ni kẹ́ ẹ kọ, ẹ má lọ máa fi òyìnbó ṣe fàájì lórí ìwé, ajá yẹn ò ní mọ ohun tí wọ́n ń sọ.

*Àǹtí mi, mo rí Lhasa kan ní Àgbówó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé tí mo ń gbé, irun ẹ̀ ti dì bí ẹní, ojú ẹ̀ ò hàn, ó ń rùn, mi ò tiẹ̀ mọ̀ bóyá akọ ni àbí abo. Mo ti gbé e sí báfùróòmù. Ṣé kí n wẹ̀ ẹ́? — Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Ìbàdàn*

Má tíì wẹ̀ ẹ́ o! Omi ló máa ń jẹ́ kí irun tó ti dì tún le sí i, bó bá gbẹ tán á máa fa awọ ara ẹ̀. Fún un lómi mu ná, fún un ní oúnjẹ díẹ̀díẹ̀, kó o wá fi aṣọ pẹlẹbẹ kan so ẹnu ẹ̀ wẹ́rẹ́ kó o tó fọwọ́ kàn án, torí ajá tára ń dùn ò mọ olóore, tó bá sì ti ń mí hẹlẹhẹlẹ kó o tú u.

Klípà ló dáa jù. Tó bá jẹ́ sísọ́ọ̀sì lo ní, ìka ẹ ni kó o fi sáàárín irun àti awọ, ìka yẹn ni wàá máa gé lé lórí, tó ò bá mọ ibi tí irun parí sí tí awọ ti bẹ̀rẹ̀, má gé e. Èyí tí mo gbé ní Ọjọ́ọ̀ lọ́dún tó kọjá, aago mẹ́wàá àárọ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀, aago mẹ́ta ni mo ṣe tán. Irun ẹ̀yìn ẹ̀ bọ́ lódindi bí fìlà. Abẹ́ etí ẹ̀ ń rùn bí omi ògì ọjọ́ márùn-ún, àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ ẹ̀ kún fún eégbọn tó ti mu ẹ̀jẹ̀ yó, wọ́n wú bí ẹ̀wà tí wọ́n rẹ sómi, mo ń fi tweezer yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan mo ń jù wọ́n sínú kẹrosíìnì. Ìgbà tí mo dé ọrùn ni mo rí okùn. Okùn ọ̀rá lásán, ẹnì kan so ó mọ́ ọn lọ́rùn nígbà tó wà lọ́mọdé, ajá dàgbà, okùn ò dàgbà, ó ti wọ inú ẹran. Mo fi í sílẹ̀ fún dókítà, mi ò fọwọ́ kan ìyẹn. Bí mo ṣe gé èyí tó kẹ́yìn tán ló gbọn ara ẹ̀, mo wá rí i pé ajá gan-an ò ju ìdajì ohun tí mo gbé wọlé lọ, kílò 4 ni, nígbà tó yẹ kó wọ̀n tó kílò 5 ó kéré tán, àwọn mìíràn máa ń tó 8.

Ṣí ẹnu ẹ̀ kó o wo erìgì ẹ̀. Tó bá pupa díẹ̀ bíi tìẹ, o ráyè. Tó bá funfun, ó lè jẹ́ pé eégbọn ti kó àrùn sí i lẹ́jẹ̀, má dúró gé irun kankan, gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko lójú ẹsẹ̀, o kúkú sún mọ́ Yunifásítì Ìbàdàn, wọ́n ní ọsibítù ẹranko. Ojú ẹ̀ náà, ojú Lhasa máa ń tètè gbẹ, tó bá ń sun ìpin aláwọ̀ ewé, dókítà ni, má rọ oògùn ojú èèyàn sí i. Jọ̀ọ́ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní kó o da ọ̀tapíapíà tàbí ọ́ìlì mọ́tò sí i lára, mo mọ̀ pé wọ́n máa sọ ọ́, eégbọn á kú, ajá náà á kú tẹ̀ lé e. Tí ajá mìíràn bá wà nílé yín, yà wọ́n sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, torí parvo, èyí tí í máa ń mú kí wọ́n bì kí wọ́n sì máa yàgbẹ́ ẹ̀jẹ̀, tó bá ti wọ inú ilé ó lè wà nílẹ̀ yẹn fún ọ̀pọ̀ oṣù, bílíìsì ló lè pa á.

Wá olówó ẹ̀ náà, bóyá ńṣe ló sọnù. Gbé fọ́tò ẹ̀ sórí státọ́ọ̀sì ṣùgbọ́n fi àmì kan pamọ́, kí ẹni tó bá ní tòun ni sọ àmì yẹn fún ẹ.

*Àǹtí Alájá, aládùúgbò mi ní kí n lé ajá mi dànù, pé Lhasa ló ń fa ibà Lassa. Ọ̀wọ̀ la wà, ẹ̀rù sì ń ba ìyá mi. — Bọ́lá*

Mo rẹ́rìn-ín, ẹ má bínú, ẹ̀rù ìyá yín kì í ṣe ẹ̀rín, ibà yẹn ti ṣe yín léṣe gan-an ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Orúkọ ló jọra. Lhasa tajá, olú-ìlú Tibet ní Éṣíà ni, òkè yìnyín lọ́hùn-ún. Lassa tibà, ìlú kan ní Borno ni, ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n lọ́dún 1969. Èkúté ló ń gbé e kiri, èkúté ilé kan báyìí tí ọmú ẹ̀ pọ̀, ìtọ̀ àti ìgbẹ́ ẹ̀ tó bá kan oúnjẹ ló ń kó o ran èèyàn. Ẹ sọ fún aládùúgbò yín pé kó bo gààrí ẹ̀, kó má sá a sí ẹ̀gbẹ́ títì mọ́, ajá yín ò ṣe nǹkan kan fún un.

*Mo gba Lhasa ọmọ ọdún mẹ́rin lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi tó lọ Kánádà. Ọjọ́ kẹrin rèé, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló wà, kò jẹun, láàárọ̀ yìí ọmọ mi ọmọ ọdún márùn-ún na ọwọ́ sí i, ó gé e jẹ díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ yọ. Ìyàwó mi ní ká dá a padà, kò sì sẹ́ni tá a lè dá a padà fún. — Bàbá Ayọ̀, Ìkòròdú*

Èyí ni mo kọ́kọ́ fèsì sí lórí fóònù kí n tó tẹ àwọn yòókù, àmọ́ kẹ́lòmíì lè rí i kà: ọwọ́ ọmọ ló ṣáájú. Ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn, ìṣẹ́jú 15, ẹ wo aago. Ẹ má fi epo pupa sí i, ẹ má fi ata sí i, ẹ gbé e lọ ọsibítù lónìí yẹn, kẹ́ ẹ mú káàdì abẹ́rẹ́ ajá dání, torí tí dìgbòlugi bá ti fara hàn lára èèyàn, kò sí oògùn tó ń mú un kúrò. Dókítà ló máa sọ bóyá ọmọ nílò abẹ́rẹ́, ẹ má ṣe é fúnra yín. Abẹ́rẹ́ ajá náà, ọdọọdún ni, látìgbà tó bá ti pé oṣù mẹ́ta.

Ó kan ajá wàyí. Kì í ṣe ajá burúkú. Ní Tibet, ajá ńlá ni wọ́n máa ń so sẹ́nu géètì, Lhasa ló wà nínú ilé lọ́dọ̀ àwọn àlùfáà ẹ̀sìn Búdà, etí ẹ̀ ni wọ́n nílò, kó máa gbó tí àlejò bá yọjú. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe sìn ín títí tí Dalai Lama kẹtàlá, olórí ẹ̀sìn wọn ní Tibet, fi fi méjì ta Suydam Cutting ará Amẹ́ríkà lọ́rẹ lọ́dún 1933. Ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ò fẹ́ràn àlejò. Lójú ẹ̀ báyìí ẹ̀yin lẹ jẹ́ àlejò, gbogbo ilé yín pátá.

Ẹ fi í sílẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ gbé oúnjẹ síbì kan náà, lákòókò kan náà, kẹ́ ẹ kúrò ńbẹ̀. Tí ọwọ́ ọmọ bá san, kó jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú yín, kó kọ ẹ̀yìn sí i, kó máa ju ẹran bíńtín sẹ́yìn láìwo ibẹ̀. Ẹ má wọ́ ọ jáde. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo máa ń fún wọn, tèmi kan lo oṣù méjì kó tó fi orí lé mi lẹ́sẹ̀. Ẹ bi ọ̀rẹ́ yín ohun tó ń jẹ tẹ́lẹ̀, kẹ́ ẹ má sì fún un ní ọbẹ̀ àjẹkù, àlùbọ́sà inú ẹ̀ ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́, sísè tàbí tútù.

*Ẹ̀yin obìnrin yìí, ìbéèrè yín ti pọ̀ jù. Mo ní kẹ́ ẹ fún mi ní abo kan lára ajá tẹ́ ẹ̀ ń kó jọ, ẹ ní ẹ ti ṣe é kó má lè bímọ. Ṣé ẹ̀yin lẹ dá a ni? — Bàbá Kẹ́hìndé, Òṣogbo*

Bàbá Kẹ́hìndé, ẹ má bínú sà. Èmi kọ́ ni mo dá a, èmi ni mo sì ń sanwó dókítà ẹ̀. Lára àwọn mẹ́ta tó wà nílé mi, ọ̀kan ò ríran mọ́, ọmọ ọdún márùn-ún péré, àìsàn ojú tó máa ń wà nínú ìran Lhasa ni, ẹni tó sin ín mọ̀ pé ìyá ẹ̀ ń kọlu ògiri, ó ṣì mú akọ gùn ún láti fi rí ọmọ tà. Kídìnrín náà máa ń ti ìdílé wọn wá. Abo tí wọn ò bá sì ṣiṣẹ́ abẹ fún, tó bá ń dàgbà, ilé ọmọ ẹ̀ lè kún fún ọyún, bíi ti egbò, mo ti sin méjì báyẹn.

Tó bá jẹ́ ajá lẹ fẹ́, mo ní i. Èyí tí ò ríran yẹn gan-an, ó mọ gbogbo igun ilé mi, ó mọ ìró ọkọ̀ mi yàtọ̀ sí ti aládùúgbò, kò sì gba àlejò láyè. Ẹ wá lọ́jọ́ Sátidé, ẹ mú ìyàwó yín dání, mo fẹ́ gbọ́ tẹnu àwọn náà.