Waya iná tó já sórí gọ́tà: ẹ bá mi gba ọparun lọ́wọ́ dádì

Mọ́mì, ẹ kú ìdààmú o. Ẹ ní òjò àná já waya iná sórí gọ́tà níwájú géètì yín, iná ò sí, dádì wá fẹ́ fi ọparun tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ káwọn ọmọ lè rọ́nà lọ síléèwé, ẹ sì tún bèèrè ẹni tó máa sanwó òpó tó ti jẹrà yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba ọparun yẹn lọ́wọ́ wọn ná. Pé iná ò sí nílé yín ò ní kí waya yẹn má pani.

Àbúrò mi ọkùnrin ni mò ń rántí. Ìbàdàn la wà nígbà yẹn, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, waya já, iná lọ, gbogbo wa bọ́ síta, oníkálukú ń dámọ̀ràn, ló bá mú igi kan tó ti rin gbingbin pé òun fẹ́ gbé e kúrò lọ́nà. Bó ṣe gbé e sókè báyìí ni wọ́n mú iná dé. Àwọn ọmọ ilé kejì ń pariwo "Up NEPA!", wọ́n ń pàtẹ́wọ́, ìgbà yẹn gan-an ni iná gbé e. Kò lè jù ú sílẹ̀ o, torí iná máa ń fún iṣan pọ̀ ni, ọwọ́ á kàn máa dì í mú sí i. Ẹnì kan fẹ́ sáré lọ fà á, màmá wa ló dì í mú ní ṣòkòtò, ọpẹ́lọpẹ́ wọn, à bá gbé méjì lọ́jọ́ yẹn. Mo pe nọ́ńbà tó wà lára bíìlì, ọmọbìnrin kan ń bi mí ní nọ́ńbà mítà! Mo ní ẹ pa iná, èèyàn ń kú lọ, ó ní kí n mú sùúrù, òun ń ṣí kọ̀ǹpléènì. Mítà kẹ̀? Iná fúnra ẹ̀ ló tún lọ kí wọ́n tó dá mi lóhùn, ìyẹn ló jẹ́ kó jábọ́.

Ká tó dé ọsibítù àwọn ará àdúgbò ti da epo pupa àti mílíìkì sí i lára. Dókítà kékeré kan wo àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀, ó rí ihò kékeré báyìí, ó ní àwọn á dì í, ká máa mú un lọ sílé. Nọ́ọ̀sì àgbà kan ló ní kò sí ibi tó ń lọ, kó tọ̀ ká rí i. Ìtọ̀ yẹn dúdú bíi kóòkì. Inú ni iná ti ń sun èèyàn, ó gba ọwọ́ wọlé ó gba àtẹ́lẹsẹ̀ jáde, ẹran ara tó ti bàjẹ́ nínú ló ń yọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ tó sì fẹ́ ba kídìnrín jẹ́. Dírípù tọ̀sán-tòru. Apá ẹ̀ wú débi pé wọ́n ní láti là á láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá kí ẹ̀jẹ̀ lè ráyè kọjá, ìka méjì ò sì padà ṣiṣẹ́ dòní. Torí náà ẹnikẹ́ni tí iná bá gbé, kódà kó dìde kó máa rẹ́rìn-ín, ẹ gbé e lọ kí wọ́n yẹ ọkàn ẹ̀ wò, kì í hàn lójú tó bá ń lù ségesège.

Tí wọn ò bá tiẹ̀ mú iná dé, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò tún ńkọ́. Ẹlòmíì ò ní chéńjóvà, ìyẹn súwíìṣì tó ń já ilé kúrò lára waya ìta tí wọ́n bá tan jẹnẹrétọ̀, á kàn ki waya bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, iná jẹnẹrétọ̀ ẹ̀ á gba mítà jáde sórí waya ìta, tó bá dé tiransifọ́mà, 230 fóòtì yẹn lè di nǹkan bí 11,000 lódìkejì. Òṣìṣẹ́ oníná tó wà lórí òpó ò mọ nǹkan kan. Irú àwọn aládùúgbò bẹ́ẹ̀ ló ń bí mi nínú jù.

Ẹ jìnnà sí waya yẹn tó mítà 10 ó kéré tán, kó jù bẹ́ẹ̀ lọ tó bá jẹ́ haitẹ́ńṣọ̀n, waya ńlá tí iná ẹ̀ le gan-an, torí ilẹ̀ tútù àti omi gọ́tà máa ń gbé iná. Ẹni tó bá ti wà nítòsí ẹ̀ kó má sáré, kó má gbẹ́sẹ̀ gbàǹgbà, kó pa ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀ kó máa wọ́ ọ nílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, torí iná lè gba ẹsẹ̀ kan wọlé kó gba èkejì jáde. Tó bá jẹ́ orí mọ́tò ni waya já lé, ẹni tó wà nínú ẹ̀ kó jókòó síbẹ̀, àfi tí mọ́tò bá ń jó. Géètì onírin yẹn, ẹ má fọwọ́ kàn án. Káwọn ọmọ gba ẹ̀yìn tàbí kí wọ́n jókòó sílé. Pípe àwọn oníná, ẹ mọ ìyẹn.

Ẹ̀n-ẹ́n, òpó. Ẹ̀yin kọ́ ló máa rà á. Òpó, waya ìta àti tiransifọ́mà, iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ oníná ni. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún wọn, ẹ gba ẹ̀dà tí wọ́n fọwọ́ sí, tí wọn ò bá ṣe é ẹ gbé e lọ sí NERC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó àwọn ilé-iṣẹ́ oníná. Àmọ́ látìgbà òfin iná 2023, àwọn ìpínlẹ̀ bíi Èkìtì, Oǹdó, Ọ̀yọ́, Ògùn àti Èkó ti ń ní àjọ tiwọn, ibẹ̀ ni kí ẹ lọ tẹ́ ẹ bá wà níbẹ̀. Tí ẹ bá tiẹ̀ fẹ́ dáwó, ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ síwèé pẹ̀lú wọn pé wọ́n máa dá a padà. Àwọn lándíọ́ọ̀dù tiwa ra òpó láìsí ìwé kankan, títí di bí mo ṣe ń tẹ èyí wọn ò tíì rí kọ́bọ̀.