Gbòǹgbò Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Tọ́jú: Ìdáhùn Sí Ìbéèrè Yín Lórí Bọ́ńsáì Orí Àpáta

Láti ìgbà tí a ti gbé àwòrán àwọn bọ́ńsáì orí àpáta, ìyẹn igi kékeré tí wọ́n ń tọ́ sínú àwo tàbí sórí òkúta, jáde ni lẹ́tà yín ti ń rọ́ wọlé. A mú márùn-ún tó kan ọ̀pọ̀ èèyàn.

Láti Abẹ́òkúta

*Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo rí igi kékeré ilẹ̀ Japan tí gbòǹgbò rẹ̀ di òkúta mú láti òkè dé ilẹ̀. Mo fẹ́ ṣe irú rẹ̀. Igi wo ni mo lè lò níbí, kí sì ni kí n kọ́kọ́ ṣe?*

Ọ̀nà méjì ló wà nínú àwọn àwòrán yẹn, ẹ má pò wọ́n pọ̀. Nínú èyí tí àwọn ará Japan ń pè ní sekijoju, orí òkúta ni ìdí igi jókòó sí, gbòǹgbò rẹ̀ á gba ara òkúta sọ̀kalẹ̀, á sì wọ inú iyẹ̀pẹ̀ àwo. Nínú ìkejì, ishitsuki, orí òkúta ni igi ń gbé pátápátá. Ìwọ̀nba iyẹ̀pẹ̀ tó wà nínú pàlàpálá òkúta ló ń bọ́ ọ. Ti àkọ́kọ́ ni kí ẹ ṣe. Nínú oòrùn Abẹ́òkúta, iyẹ̀pẹ̀ ẹ̀kúnwọ́ kan lórí òkúta á ti gbẹ kí ọ̀sán tó pọ́n, ṣùgbọ́n gbòǹgbò tó bá ti wọ inú àwo á rí omi mu.

Ní Japan, trident maple ni wọ́n fẹ́ràn jù fún iṣẹ́ yìí, torí gbòǹgbò rẹ̀ tètè máa ń nípọn, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ òkúta. Igi ilẹ̀ olótùútù ni, ẹ má wulẹ̀ wá a kiri. Ọdán ni kí ẹ lò, tàbí fíkọ́ọ̀sì tí wọ́n fi ń ṣe ọgbà yí ilé ká. Ẹyẹ àti àdán a máa gbé èso ọdán lọ sórí ọ̀pẹ, sára ògiri àti sínú pàlàpálá àpáta. Ibẹ̀ ni á hù sí, tí á sì na gbòǹgbò wá sílẹ̀. Ohun tí a ń fi tipátipá kọ́ igi mìíràn, ìwà ọdán ni.

Gbòǹgbò gígùn ni iṣẹ́ àkọ́kọ́, kì í ṣe òkúta. Ẹ gé ẹ̀ka tó nípọn tó pẹ́ńsù, ẹ gbìn ín sínú páìpù oníke ìnṣì 4 tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 40, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń jo. Iyanrìn kókó apá 2, kọ́ḿpọ́ọ̀sì apá 1. Gbòǹgbò á máa wá omi lọ sísàlẹ̀. Ẹ fún un ní ọdún kan.

Nígbà tí òjò bá ti fìdí múlẹ̀, láàárín oṣù Kẹrin sí oṣù Kẹfà, ẹ yọ ọ́ lábẹ́ ìbòòji, kí ẹ fi omi ṣan gbogbo iyẹ̀pẹ̀ kúrò lára gbòǹgbò. Wọn ò gbọ́dọ̀ gbẹ rárá. Ẹ fi àpò tútù bò wọ́n bí ẹ ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ gé gbòǹgbò líle tí kò lè tẹ̀, ẹ jẹ́ kí oje funfun rẹ̀ dá, kí ẹ sì yan márùn-ún sí méje tó gùn, tó sì rọ̀. Ẹ gbé ìdí igi lé orí òkúta kí àlàfo kankan má ṣẹ́ kù lábẹ́ rẹ̀. Àlàfo tí ẹ bá fi sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn kò ní dí mọ́, torí gbòǹgbò tó ti le kì í padà tẹ̀ mọ́ òkúta.

Ẹ fi amọ̀ tútù ra òkúta fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ tẹ gbòǹgbò kọ̀ọ̀kan sínú ojú ìlà ara òkúta, kí ìsàlẹ̀ gbòǹgbò náà kọjá òkúta ní sẹ̀ǹtímítà 5 ó kéré tán. Ẹ fi ìko tí ẹ ti rẹ sómi wé e láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ó fún dáadáa. Ìko ló dára jù, torí fúnra rẹ̀ ni á jẹrà. Okùn ọ̀rá kì í jẹrà, ńṣe ló máa ń gé wọ inú gbòǹgbò bí gbòǹgbò ṣe ń sanra. Lẹ́yìn ìko, ẹ fi fóìlì ìdáná bò ó kí gbòǹgbò má baà yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n kí òkè àti ìsàlẹ̀ wà ní ṣíṣí kí omi lè gbà á kọjá. Ẹ wá ri òkúta náà mọ́lẹ̀ pátápátá nínú ìkòkò jíjìn, kí ìdí igi nìkan hàn.

Ẹ má ṣí i fún ọdún kan gbáko. Trident maple máa ń gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọdún 2 tàbí 3. Lẹ́yìn náà, ẹ máa hú iyẹ̀pẹ̀ kúrò láti òkè, sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3 lóṣooṣù.

Láti Òṣogbo

*Mo ṣe gbogbo ohun tí wọ́n ní kí n ṣe, mo sì tú u lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Gbòǹgbò rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú, méjì sì ti gbẹ. Kí ló fà á?*

Ẹ tètè tú u ni. Inú ilẹ̀ ni gbòǹgbò ti ń yára sanra. Èyí tí afẹ́fẹ́ bá ti kàn kì í fi bẹ́ẹ̀ nípọn mọ́, tó bá sì jẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, ńṣe ló máa gbẹ. Ẹ gé èyí tó gbẹ, ẹ tún un wé, ẹ rì í padà, kí ẹ sì jẹ́ kí ewé rẹ̀ máa dàgbà láìgé e. Ewé púpọ̀ ló ń sọ gbòǹgbò di ńlá. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gé orí igi kí ó lè tètè jọ bọ́ńsáì, gbòǹgbò á sì dúró sójú kan.

Láti Èkó

*Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè lo yangí, tàbí òkúta tí mo ṣà létí òkun? Ṣé mo lè fi sìmẹ́ǹtì mọ ọ́n?*

Yangí tó ti le dára, nítorí ara rẹ̀ rí gbágun-gbàgun, ó sì ní ihò. Ẹ fi ìṣó họ ọ́: tó bá ń rún, ẹ jù ú sílẹ̀, gbòǹgbò á fọ́ ọ. Ẹ rẹ òkúta etí òkun sínú omi fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí ẹ máa pààrọ̀ omi náà, kí iyọ̀ lè jáde. Èyí tó ń dán, tó rí róbótó, kò wúlò, bó ti wù kó lẹ́wà tó. Gbòǹgbò ò ní rí nǹkan dì mú. Òkúta odò Ibi ní ìpínlẹ̀ Gifu gbajúmọ̀ ní Japan nítorí bí ara rẹ̀ ṣe le tó sì ní kòtò àti ìlà jíjìn. Irú ara bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ máa wá, bó tiẹ̀ jẹ́ òkúta akọ. Sìmẹ́ǹtì tuntun máa ń pa gbòǹgbò lára. Tí ẹ bá fi mọ òkúta, ẹ rẹ ẹ́ sómi, kí ẹ máa da omi náà nù léraléra kí ẹ tó gbin igi sí i.

Láti Lọ́ńdọ̀nù

*Ẹ kú iṣẹ́ ńlá. Mo gbin igi Chinese elm mẹ́ta sórí òkúta kan tó rí bí òkè, kò sí àwo rárá. Gbogbo ìgbà tí mo bá bomi rin wọ́n ni iyẹ̀pẹ̀ ń wọ́ dànù, àwọn igi náà sì ń mì. Wọ́n ní kéto ni mo nílò, mi ò rí i rà.*

Igi tó ń mì kò lè fìdí múlẹ̀: bó bá ti mì ni orí gbòǹgbò wẹ́wẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ á já. Ẹ tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀, ẹ fọ òkúta, ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa. Ẹ wo ibi tí igi kọ̀ọ̀kan máa dúró sí; èyí tó ga jù kò gbọ́dọ̀ wà ní àárín gbùngbùn, kí èyí tó kéré jù sì wà lẹ́yìn, kí òkè yín lè dà bí èyí tó jìnnà. Fún igi kọ̀ọ̀kan, ẹ fi gọ́ọ̀mù epoxy lẹ wáyà alumíníọ̀mù mẹ́ta tàbí mẹ́rin mọ́ òkúta. Wáyà náà kò ju mìlímítà 1 sí 1.5 lọ, àárín rẹ̀ ni kí ẹ lẹ̀, kí apá méjèèjì gùn tó sẹ̀ǹtímítà 20. Ó di wákàtí 24 kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Àwọn kan máa ń fi òjé kan wáyà mọ́ inú ihò òkúta. Òjé ní májèlé, ẹ fi í sílẹ̀.

Kéto jẹ́ ilẹ̀ dúdú alálẹ̀mọ́ tó wá láti inú koríko irà tó ti jẹrà. Ní ìdípò rẹ̀, ẹ po amọ̀, péètì (ilẹ̀ irà tó kún fún ewéko tó ti jẹrà) àti mọ́ọ̀sì sphagnum (ewéko irà rírọ̀) gbígbẹ tí ẹ gé wẹ́wẹ́, ìwọ̀n kan náà. Ẹ máa fi omi sí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa pò ó títí á fi rọ̀ bí ìsàlẹ̀ etí èèyàn. Òdiwọ̀n tí àwọn ará Japan fúnra wọn ń lò nìyẹn. Tó bá ń sán, kò tíì rí omi tó. Tó bá ń ṣàn, omi ti pọ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà rèé: wọ́n á fi amọ̀ yìí nìkan gbin igi. Afẹ́fẹ́ ò sí nínú rẹ̀, gbòǹgbò á jẹrà. Ògiri ni kí ẹ fi amọ̀ náà mọ, kí ó ga tó sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3 yí ibi tí igi máa dúró ká, kí ẹ sì rọ akadama (amọ̀ oníhóró ilẹ̀ Japan) tàbí òkúta lava wẹ́wẹ́ sínú ọgbà tó bá jáde. Ẹ gbé igi sí i, ẹ fi wáyà so gbòǹgbò mọ́lẹ̀, kí ẹ fi rọ́bà túùbù kẹ̀kẹ́ tẹ́ abẹ́ wáyà kí ó má gé e. Ẹ wá bo ara ògiri náà pẹ̀lú mọ́ọ̀sì, ewé rírọ̀ tó máa ń hù sára ògiri níbi tí omi bá pọ̀, kí ẹ fi wáyà tí ẹ tẹ̀ gún un mọ́lẹ̀. Mọ́ọ̀sì yìí ni kò ní jẹ́ kí omi wọ́ amọ̀ lọ.

Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́, ẹ gbé e sí ibi tí atẹ́gùn líle ò dé, kí ẹ máa fín omi sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ máa ri òkúta sínú agbada omi fún ìṣẹ́jú 10, torí omi tí a dà láti òkè máa ń sá kúrò kí ó tó wọlé. Nígbà ooru, ó lè tó ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́. Ajílẹ̀ olómi ni kí ẹ lò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ìlàjì agbára tí wọ́n kọ sára ìgò, lọ́sẹ̀ méjì-méjì. Tí òtútù bá fẹ́ dì, ẹ gbé e wọ ilé ìkẹ́rù tí kò ní ẹ̀rọ amúlégbóná: ọ̀nà gbogbo ni òtútù ń gbà wọ òkúta tó dá dúró, omi tó bá sì dì nínú pàlàpálá rẹ̀ á là á. Ní ọdún mélòó kan síra, ẹ máa gé amọ̀ àtijọ́ kúrò ní abala kan, kí ẹ fi tuntun dí i. Ẹ má tú gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Láti Ìbàdàn

*Àbúrò mi ń lọ sí Tokyo. Níbo ló ti lè rí ojúlówó?*

Kí wọ́n lọ sí Omiya, ní ìlú Saitama, àríwá Tokyo. Lẹ́yìn ìmìtìtì ilẹ̀ ọdún 1923 ni àwọn olùtọ́jú bọ́ńsáì kó kúrò ní Tokyo lọ síbẹ̀ láti wá ilẹ̀ àti omi tó dára, wọ́n sì dá abúlé bọ́ńsáì sílẹ̀ ní 1925. Ilé àkójọ bọ́ńsáì wà níbẹ̀ láti 2010. Ẹ ní kí wọ́n má wo ewé nìkan: kí wọ́n bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n wo ibi tí gbòǹgbò ti kan òkúta, bóyá ìmọ́lẹ̀ ń gba àárín wọn kọjá.