Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Ṣé Àríwísí Ló Pa Ìtara Mi?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ ni mí ní Mọ̀níyà, mo sì ti wà nínú ẹgbẹ́ òǹkọ̀wé kan fún bí ọdún méjì. Ní ìbẹ̀rẹ̀, gbogbo ohun tí mo bá kà ni wọ́n máa ń pàtẹ́wọ́ fún, mo sì ń kọ̀wé lójoojúmọ́. Láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, àwọn mẹ́ta kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dara pọ̀ mọ́ wa ń tú iṣẹ́ mi palẹ̀, n kò sì ní ìtara láti kọ ohunkóhun mọ́. Mo fi ojú ìwé kan lára ohun tí wọ́n bẹnu àtẹ́ lù ránṣẹ́ sí yín. Ẹnì kan sọ pé bí mo bá san ₦40,000, òun yóò dá ìmísí mi padà láàárín ọjọ́ 21. Ṣé kí n fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ ni, àbí kí n san owó náà?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, má san owó náà. Mo fi èyí ṣáájú kí àwọn tí kò ní ka ọ̀rọ̀ yìí dé ìsàlẹ̀ lè rí nǹkan mú lọ. Ọdún kẹrìndínlọ́gbọ̀n nìyí tí mo ti ń ṣe olóòtú ìwé ní Ìbàdàn, kò sì sí ọdún kan tí irú ìbéèrè yìí kì í dé ọwọ́ mi ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. N kò mọ ẹni tí ó fẹ́ gba owó lọ́wọ́ rẹ, nítorí náà n kò ní pè é ní gbájúẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá dá ọjọ́ fún ìmísí bí ẹni tí ó gba aṣọ rán, yálà kò mọ ohun tí ìmísí jẹ́, tàbí ó mọ̀ ọ́n tí ó sì ń tan ọ́ jẹ.

Ẹ̀yìn èyí, jẹ́ kí a tún ìbéèrè rẹ gbé yẹ̀ wò, nítorí pé ìdí rẹ̀ kò dúró dáadáa. O ní àríwísí ni ó pa ìtara rẹ. Ohun tí mo rí nínú lẹ́tà rẹ ni pé àtẹ́wọ́ ni o pàdánù, o sì ń pè é ní ìtara. Fún ọdún méjì, o ń kọ̀wé kí wọ́n lè yìn ọ́. Nígbà tí ìyìn dáwọ́ dúró, ọwọ́ rẹ náà dáwọ́ dúró. Kì í ṣe ìwọ nìkan. Ìgbàgbọ́ tí ó gbilẹ̀ jù lọ láàárín àwọn òǹkọ̀wé wa ni pé torí kí ara ẹni lè máa yá gágá ni a ṣe ń dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, pé ẹni tí ó bá tọ́ka sí àléébù ti ba ìfẹ́ jẹ́. Mo ti jókòó nínú ìpàdé bẹ́ẹ̀ rí, níbi tí ènìyàn mẹ́jọ ti ka iṣẹ́ wọn láàárín wákàtí méjì, tí a pàtẹ́wọ́ fún àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, tí a jẹ gúgúrú pẹ̀lú ẹ̀pà, tí olúkúlùkù sì gbé àṣìṣe rẹ̀ padà sílé láìdín ẹyọ kan.

Àwọn mìíràn tún máa ń sọ pé àṣà òyìnbó ni kí ènìyàn máa tú iṣẹ́ ẹlòmíràn palẹ̀ lójú àwùjọ, pé Yorùbá kì í dójú ti ẹni. Ìjálá ni mo máa ń fi dá irú wọn lóhùn. Ewì àwọn ọdẹ ni ìjálá, tí wọ́n ń sun níbi ọdún Ògún, níbi ìsìnkú ọdẹ àti níbi àríyá wọn. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n sun yóò tẹ̀lé ọ̀gá rẹ̀ lọ sí òde fún ọ̀pọ̀ ọdún, yóò máa tẹ́tí, yóò máa gbè é lẹ́yìn, kí ó tó dá ohùn tirẹ̀ gbé sókè. Bí ó bá sì mọ̀ ọ́n tán, kò tíì bọ́ lọ́wọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀: bí ó bá gbé oríkì ìdílé kan fún ìdílé mìíràn, tàbí bí ó bá ṣàpèjúwe ẹranko lọ́nà tí ẹranko náà kò gbà rí, oníjàálá mìíràn lè já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀ lójú gbogbo èrò kí ó sì sọ fún un pé irọ́ ni ó pa, tàbí pé kò kọ́ iṣẹ́ náà délẹ̀. Ẹni tí a bá wí bẹ́ẹ̀ lè tọrọ gáfárà, ó sì lè taku pé bí ọ̀gá òun ti kọ́ òun nìyẹn. Wọn kò pe èyí ní ìwọ̀sí; ara eré ni. Bí kò bá sí irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀, báwo ni oríkì tí a kò kọ sílẹ̀ ì bá ṣe máa ti ẹnu ìran kan bọ́ sí ẹnu ìran mìíràn?

Mo wá ka ojú ìwé tí o fi ránṣẹ́. Mo gbọ́dọ̀ sọ fún ọ pé òótọ́ ni àwọn mẹ́ta yẹn sọ. Wo gbólóhùn rẹ wọ̀nyí: «Ìyá Àlàkẹ́ bá Àdùkẹ́ níbi tí ó ti ń ṣa ẹ̀wà. Ó sọ fún un pé ó ti pẹ́ jù, ó sì gba abọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí ó yíjú padà, ó ti ń sunkún.» Ta ni ó pẹ́? Ta ni ó yíjú padà? Ta ni ó ń sunkún? O kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé náà pé Ìyá Àlàkẹ́ ni ó pẹ́, àti pé Àdùkẹ́ ni ó sunkún. Ohun tí o kọ kò sọ bẹ́ẹ̀. Nínú èdè wa, bí ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ bá ń tọ́ka sí ara rẹ̀ lẹ́yìn «sọ pé», «òun» ni a ń lò: «Ó sọ fún un pé òun ti pẹ́ jù.» Nígbà tí o lo «ó», ohun tí òǹkàwé gbọ́ ni pé ẹlòmíràn ni ó pẹ́, bóyá Àdùkẹ́, bóyá ọmọ tí a kò tíì rí. Ti ẹni tí ó ń sunkún tilẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí kò sí arọ́pò orúkọ kankan tí ó lè gbà ọ́ níbẹ̀. Orúkọ Àdùkẹ́ gan-an ni kí o kọ. Èdè tí kò ya «ó» ọkùnrin sọ́tọ̀ kúrò lára «ó» obìnrin ń béèrè ìṣọ́ra púpọ̀ lọ́wọ́ òǹkọ̀wé, kódà bí ọkọ àti aya ni ó ń bára wọn sọ̀rọ̀.

Ìdí tí mo fi pẹ́ lórí «ó» kan ṣoṣo ni pé o kò lè rí àṣìṣe yẹn fúnra rẹ, bí ó ti wù kí ìtara rẹ pọ̀ tó. Ìwọ ti mọ ẹni tí ó ń sunkún kí o tó mú bírò, nítorí náà gbogbo ìgbà tí o bá ka ìwé náà, ojú rẹ yóò fi ìmọ̀ rẹ dí ihò rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ nìkan ni ó lè kọsẹ̀ níbẹ̀. Iṣẹ́ tí a fi ń dá ẹgbẹ́ òǹkọ̀wé sílẹ̀ nìyẹn: kí àwọn tí kò sí nínú orí rẹ lè kọsẹ̀ ní ìṣojú rẹ, kí ìwé tó di títẹ̀, kí àjèjì tó kọsẹ̀ níbi tí o kò ní sí láti ṣàlàyé.

Ní ti ìtara, n kò sọ pé kò wúlò, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn iṣẹ́ ni ó sábà máa ń rìn. Ohun tí ó ń gbé òǹkọ̀wé dìde lówùúrọ̀ ni ọjọ́ tí a dá fún un àti ẹni tí ó ń retí rẹ̀. Ní 1958, akéwì J. P. Clark dá ìwé ìròyìn ewì kékeré kan tí ń jẹ́ The Horn sílẹ̀ láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ University College, èyí tí ó di Yunifásítì Ìbàdàn lẹ́yìn náà. Nígbà tí Mbari, ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé àti oníṣẹ́ ọnà, bẹ̀rẹ̀ nínú ìgboro Ìbàdàn ní 1961, Clark wà níbẹ̀, Wole Soyinka àti Christopher Okigbo náà wà níbẹ̀. Ẹ̀bùn àwọn wọ̀nyí ni àwọn ènìyàn máa ń sọ. Èyí tí ó jọ mí lójú ni pé wọ́n ní ojú ewé tí ó ṣófo tí ó ń dúró dè wọ́n, wọ́n sì ní ẹlẹgbẹ́ tí yóò kà á.

Nítorí náà, má fi ẹgbẹ́ sílẹ̀. Bẹ̀ wọ́n kí wọ́n yí ètò padà. Kí ẹ máa fi ojú ìwé mẹ́rin, ó pọ̀ jù, ránṣẹ́ síra yín ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ìpàdé. Kí òǹkọ̀wé má ka iṣẹ́ ara rẹ̀, nítorí ohùn dídùn máa ń bo gbólóhùn tí kò dára. Ẹlòmíràn ni kí ó kà á sókè. Bí o kò bá fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ tí ó fi lè jẹ́ ọkọ, ọkọ́ tàbí ọkọ̀, ibẹ̀ ni wàá ti gbọ́ bí yóò ṣe dúró wò ó. Kí o pa ẹnu mọ́ títí wọn yóò fi sọ̀rọ̀ tán. Kí wọ́n sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti rú wọn lójú àti ibi tí oorun ti ń kùn wọ́n; «ó dára» àti «kò dára» kì í ṣe èsì. Kí ìwọ náà sì ka tiwọn tìṣọ́ra-tìṣọ́ra, nítorí ara iṣẹ́ ẹlòmíràn ni mo ti kọ́ èyí tí ó pọ̀ jù nínú ohun tí mo mọ̀. Ẹ má sì fi ìpàdé sí ọjọ́ Àbámẹ́ta ní ìlú yìí, àyàfi bí ẹ bá fẹ́ kí ìdajì ẹgbẹ́ wọ aṣọ ẹbí wá.

N kò sí nínú ẹgbẹ́ yín, lẹ́tà kan ṣoṣo ni mo sì kà. Bí àwọn mẹ́ta yìí bá ń bú ìwọ fúnra rẹ, ìdílé rẹ tàbí ilé ìwé tí o lọ, àríwísí kọ́ nìyẹn, o sì lè jáde láìbojú wẹ̀yìn. Bí ó bá sì jẹ́ pé kì í ṣe ìwé kíkọ nìkan ni ó sú ọ, tí oúnjẹ, oorun àti iṣẹ́ rẹ náà ti sú ọ láti ọ̀sẹ̀ púpọ̀, lọ rí dókítà. Olóòtú kò ní oògùn fún ìyẹn.

Ojú ìwé rẹ ń padà bọ̀ pẹ̀lú àmì pẹ́ńsù mi lórí gbogbo «ó» tí n kò mọ ẹni tí ó ń tọ́ka sí. Mọ́kànlá ni wọ́n. Tún un kọ, má ṣàlàyé ohunkóhun sí ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́, kí o sì gbé e fún ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta yẹn kí ó kà á sókè kí èmi tó tún rí i.