Ẹ tú u kúrò nínú férémù ná

Ẹ kú ìbéèrè o. Ẹ ní ẹnì kan fẹ́ ta àwòrán kan fún yín, ti Hiroshige, ayàwòrán ará Japan tí wọ́n máa ń fi pátákó igi tẹ iṣẹ́ rẹ̀ sórí ìwé, èyí tó ní igi olódòdó funfun níwájú àti ojú ọ̀run pupa lẹ́yìn, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí ẹ tú u kúrò nínú férémù. Ẹ má tíì sanwó. Ohun tó ṣe mí gẹ́lẹ́ nìyẹn.

Ọgbà igi plum ní Kameido ni, ní ìlú Édò tó di Tókyò lónìí. 1857 ló jáde, ọdún tó ṣáájú ikú Hiroshige. Nígbà tó di 1887, Van Gogh, ayàwòrán ará Netherlands, náà jókòó, ó fi ọ̀dà olóròóró ya tirẹ̀. Òkìkí rẹ̀ pọ̀, ẹ̀dà rẹ̀ sì pọ̀ bí ewé.

Ẹni tó ta tèmi ń pè é ní cherry, èmi náà ń mi orí. Ó yẹ kí ara ti fu mí níbẹ̀. Igi cherry tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà ni pátákó tí wọ́n fín àwòrán sí, torí igi ọ̀hún le dáadáa. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, férémù já bọ́ lára ògiri, gíláàsì fọ́. Mo yí ìwé padà, ẹ̀yìn rẹ̀ funfun báláú. Mo yá awò tí àwọn aláago máa ń fi sójú, mo wo òdòdó náà: tótòtó bí ara ẹtù, bí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́. Kàlẹ́ńdà ni mo fowó ńlá rà.

Èyí tí wọ́n fi igi tẹ̀ kì í rí bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn. Àwọ̀ tí wọ́n pò mọ́ omi ni wọ́n ń fi kun pátákó. Wọ́n á tẹ́ ìwé tí wọ́n ti mú rin díẹ̀ lé e, wọ́n á wá fi baren, nǹkan róbótó pẹlẹbẹ tí wọ́n fi èèpo ọparun wé, ra ẹ̀yìn ìwé kíkankíkan. Àwọ̀ á mu wọnú ìwé títí dé ẹ̀yìn, ojú ibi tí wọ́n rà á á sì hàn. Ẹ wo ojú ọ̀run náà: ó pọ́n lókè, ó ń ṣá bọ̀ nísàlẹ̀. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣe é lórí pátákó fún ìwé kọ̀ọ̀kan, ìdí nìyẹn tí ẹ̀dà méjì kì í fi í bára mu tán.

Ṣùgbọ́n o, ẹ̀yìn tó dára kò ní kó jẹ́ ti 1857. Àwọn ará Japan ti tún pátákó rẹ̀ fín lẹ́yìn ìgbà náà. Brooklyn Museum, ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà kan ní New York, ní gbogbo ọ̀wọ́ àwòrán ìlú Édò tí Hiroshige ṣe, èyí tí àwòrán yìí wà nínú rẹ̀. Ẹ fi ilà ẹ̀ka igi àti lẹ́tà wé tiwọn, níkọ̀ọ̀kan.

Èkejì tí mo rà, ojúlówó ni. Èmi fúnra mi ni mo gbé e kọ́ sí ọ̀kánkán fèrèsé, oòrùn sì fa pupa rẹ̀ gbẹ.

Tí ẹni yẹn bá ṣì kọ̀ láti tú u, ẹ fún un lówó férémù nìkan.